Bébà Méje, Òróòro Mẹ́fà

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Ìyá Férémù wá sí ṣọ́ọ̀bù lónìí. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí férémù àwòrán ló ń tà, ó sì ní yàrá ńlá kan tó ti ń gbé àwòrán kọ́ fún àwọn èèyàn láti wá wò. Ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já ló gbé wá pé kí n bá òun tún dì. Ibi tó ti ń dúró ló ti rí bébà aláràbarà mẹ́rin tí mo sá sórí okùn. Ẹnu rẹ̀ wọhò. Ó ní, ta ló ya èyí? Mo ní èmi ni, àmọ́ ká sọ tòótọ́, omi ló yà á. Ó ní òun kì í bá omi dòwò. Ó fẹ́ méje. Ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀ ló máa gbé wọn kọ́ ara ògiri, orúkọ mi lábẹ́ wọn.

Orúkọ mi lábẹ́! Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń di ìwé fún gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó bèèrè orúkọ mi rí àfi tí iṣẹ́ bá pẹ́.

Mo ní mẹ́rin. Ó ku mẹ́ta. Òróòro ni ìṣòro.

Ẹ wo iṣẹ́ tí mo fi ń da ara mi láàmú. Mo ń se ilá, mo ń fi aṣọ sẹ́ ẹ, omi rẹ̀ á sùn mọ́jú nínú páànù pẹrẹsẹ. Mo ń fi álọ́ọ̀mù pa bébà lára kí àwọ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọn. Mo wá ń fi búrọ́ọ̀ṣì wọ́n àwọ̀ sórí omi. Tí òróòro màlúù bá wà nínú àwọ̀, á léfòó, á tẹ́ rẹrẹ. Tí kò bá sí, á rì, ó parí. Èyí tó bá léfòó ni mo ń fi abẹ́rẹ́ àti òòyà fà síhìn-ín sọ́hùn-ún, màá tẹ́ bébà lé e, màá ká a nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kò sí bí mo ṣe lè ya irú rẹ̀ mọ́.

Ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ tí Bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo ń tẹ̀ lé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: “Òróòro ni. Kò sí ohun mìíràn. Ọṣẹ kò gbọdọ̀ wọ yàrá páànù.” Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fa ìlà sábẹ́ ọṣẹ. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń fọwọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ń ṣan án kí n tó wọlé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹta

Òróòro inú ìgò ti bàjẹ́. Pupa rì. Búlúù rì. Dúdú ṣù pọ̀ sí igun kan, ó ń bá mi ṣe kèéta. Mo gbá omi náà létí. Gbogbo ògiri jẹ ilá.

Bàbá mi máa ń sọ pé ọwọ́ mi yá ju ẹnu mi lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹnu mi náà kò lẹ.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta

Olóòǹtẹ̀ gbà mí! Ọkọ Ẹ̀gbọ́n mi ni, wolé-wolé tó ń yẹ ẹran wò ní odò ẹran. Ẹran tí kò bá ní òǹtẹ̀ rẹ̀ lára, alápatà kan ò gbọdọ̀ tà á. Kóòtù funfun, bàtà tó ń dán, yíǹkì àlùkò lábẹ́ èékánná. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ tọrọ gáfárà, ọ̀rá kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àpò òróòro. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní, “Ìyàwó mi kékeré, mo rántí rẹ o.” Mo ní, “Ẹ ṣé, Bùrọ̀dá, Ọlọ́run á rántí tiyín náà.”

Mo fi sísọ́ọ̀sì la àpò náà. Òórùn rẹ̀ lè lé ajá jáde. Àmọ́ pupa! Pupa gba orí omi lọ, ó ti dúdú mọ́ etí páànù, ó fún un pa síbẹ̀. Mo fi òòyà ya á láti òkè délẹ̀ bí ẹni ya aṣọ. Bébà karùn-ún. Mo pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù, èmi nìkan. Mo kọ déètì sẹ́yìn rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n wá mú ìwé àdúrà rẹ̀ tí mo tún dì. Gíláàsì dúdú lójú, nínú ilé. Ètè rẹ̀ ya. Mo já gíláàsì náà kó tó lè mú ọwọ́ mi. Ojú òsì ti wú dí, ó dúdú láàárín, ó pọ́n, etí rẹ̀ ń lọ sí àwọ̀ ewé. Ó ní òun yọ̀ ní balùwẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, balùwẹ̀ yín yìí, ṣé ó ní ìkúùkù ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ètè náà tún ya, ẹ̀jẹ̀ kán sórí tábìlì mi. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún kíákíá, ó ń bẹ̀ mí pé òun ti ba tábìlì mi jẹ́.

Mo fẹ́ lọ bá ọkùnrin náà lójú ẹsẹ̀. Ó dì mí lápá mú. Ó ní kí n má dá sí i, pé kò sílé tí kò ní tirẹ̀. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ, àmọ́ tó bá ti fi ohùn yẹn sọ̀rọ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ń dà. Gọ́ọ̀mù ń gbẹ lórí ìwé kan. Mo jókòó, mo lẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kẹta

Mo lá àlá pé mo ń fi òòyà ya ojú Olóòǹtẹ̀. Ó yà dáadáa.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹta

Mo tẹ́ bébà márààrún sílẹ̀ láti wo bí wọ́n á ṣe tẹ̀lé ara wọn lára ògiri. Mo yí wọn padà kí n wo déètì. N kò mọ ohun tó sún mi ṣí ìwé yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Bébà kìíní, 9 oṣù kẹwàá. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ mo kọ ọ́ síbí pé Ẹ̀gbọ́n kò lè jókòó, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun.

Èkejì, 22 oṣù kọkànlá. Lọ́sẹ̀ yẹn ni eyín iwájú rẹ̀ kan lọ. Ó ní egungun ló ṣẹ́ ẹ.

Ẹ̀kẹta, 2 oṣù kìíní. Ìka rẹ̀ há sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kẹrin, 11 oṣù kejì. Orí rẹ̀ pá lójú kan. Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń darúgbó.

Ìkarùn-ún, mo rí ojú rẹ̀.

Ọjọ́ tí Olóòǹtẹ̀ bá gbé òróòro dé ni mo ń ya bébà, òróòro kì í sì í wá bí kò bá sí ọgbẹ́. Ọkùnrin náà ń nà án tán, ó ń wá fọwọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Èmi sì ń kí i pé ẹ ṣé.

Mo pa ìwé dé. Mo tún ṣí i. Ó lè jẹ́ pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹta

Òróòro ti ń rùn, àwọ̀ ti ń rì. Ìyá Férémù ní òun ti tẹ ìwé ìpè. Mo rí i. Orúkọ mi wà níbẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà.

Mo lọ sí odò ẹran fúnra mi kí n má baà gbà á lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn mọ́. Sìmẹ́ńtì ń yọ̀. Màlúù kan ṣì ń ta ẹsẹ̀, wọ́n ti ń bó èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi àáké la orí kan, ohun inú rẹ̀ fọ́n sí yẹ̀rì mi. Mo tọrọ òróòro. Wọ́n wo ara wọn lójú. Wọ́n ní ọ̀gá ti kìlọ̀, òun nìkan ló ń mú òróòro jáde. “Àbúrò ìyàwó ọ̀gá kọ́ nìyí? Ẹ bá wọn sọ ọ́ nílé, màdáámú.” Ọ̀kan ní ọ̀gá àwọn ò lè pa eṣinṣin, pé tí wọ́n bá ń dúńbú ẹran, ńṣe ló ń yíjú sógiri. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹta

Mo lọ kí wọn nílé. Ilẹ̀ ń dán, o lè jẹun lórí rẹ̀. Olóòǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé omi fún mi. Ẹ̀gbọ́n mú ìwé ìpè náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń fi ìka tọ orúkọ mi. Ó ní, “Bàbá ì bá wà láyé.” Ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé àbúrò òun ti di èèyàn ńlá.

Ife kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́. Ìró rẹ̀ kò tíì lọ tán tí Ẹ̀gbọ́n ti wà lórí eékún, tó ń fi ọwọ́ lásán ṣa àfọ́kù. Olóòǹtẹ̀ ń wò ó. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ìyàwó òun kì í fara balẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kẹta

Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Olóòǹtẹ̀: Bùrọ̀dá, òróòro ti tán o.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹta

Kò fèsì. Kí ló burú nínú kéèyàn tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Odò ẹran kún fún òróòro lójoojúmọ́. Kò dìgbà tó bá —

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹta

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo jáde sẹ́nu ọ̀nà lónìí. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni mo tó mọ ohun tí mo ń wò. Mo ń retí rẹ̀. Mo gbá ara mi létí. Mo tún jáde lẹ́ẹ̀karùn-ún.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹta

Ó dé. Ọ̀rá, ẹ̀rín, kóòtù funfun. Ọwọ́ òsì ló fi na ọ̀rá sí mi, ọ̀tún wà lápò. Ó ní, “O bèèrè, mo mú un wá.”

Bébà kẹfà ni ó dára jù. Kí n má purọ́ fún ìwé ara mi. Dúdú fọ́n ká, pupa tú jáde láàárín rẹ̀, mo fi abẹ́rẹ́ fà á yí po, fà á yí po, títí ó fi dà bí ohun tí wọ́n lọ́ títí tó fi ṣẹ́. Omijé bọ́ lójú mi, ẹwà ló fà á.

N kò lọ sílé Ẹ̀gbọ́n. Mo kọ ọ́ kó wà níbẹ̀: n kò lọ. Mo dúró kí bébà gbẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù kẹta

Nọ́ọ̀sì kan pè mí láti ọsibítù. Láti Ọjọ́rú ni Ẹ̀gbọ́n ti wà níbẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún kán, ojúkò méjì. Egungun ìhà mẹ́ta. Wọ́n ní ó já bọ́ látorí àkàsọ̀. Ilé wọn kò ní àkàsọ̀.

Olóòǹtẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń bó ọsàn, ó ń yọ kóró rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó fi sí i lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ní irú ọkọ báyìí ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ń wo òrùlé. Mo di ẹ̀yìn àga mú títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹta

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo lónìí. Ó fẹ́ mọ ohun tí Ẹ̀gbọ́n bá mi sọ. Mo ní Ẹ̀gbọ́n kò sọ nǹkan kan, ẹ̀yìn bébà ló ń sọ ọ́. Mo ka déètì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí i létí.

Ó gbọ́ ọ tán jẹ́ẹ́jẹ́. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e ka orí àga. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nílé nìyẹn.

Ó fi ẹsẹ̀ gbá páànù, omi ilá dà gba gbogbo ilẹ̀. Ó fún mi lọ́rùn mọ́ pẹpẹ ìwé. Kò pariwo, kò bú mi, ó kàn ń fún un bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ sá. Ojú mi ń ṣú. Ọwọ́ mi ba irin ṣóńṣó tí mo fi ń lu ìwé kí n tó rán an. Mo fi gún un lẹ́yìn ọwọ́. Ó wọlé, ó yọ lódì kejì. Ó ké. Mo fà á yọ, mo tún gún un léjìká. Ó ń sá, mo ń lé e, mo fẹ́ gbé ìkẹta síbi tí kò ti ní dìde. Omi ilá ló gbà á sílẹ̀: mo yọ̀, mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbàlàjà. Ó sá lọ, ó gbàgbé kóòtù.

Omi díẹ̀ kù nísàlẹ̀ páànù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kò léfòó. Ó rì bí àwọ̀ tí kò ní òróòro.

Inú mi dùn. Inú mi dùn gan-an.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù kẹta

N kò lè gbé itọ́ mì. Ojú ìka márààrún wà lọ́rùn mi, àlùkò. Èmi náà ti gba òǹtẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kẹta

Ìpàdé ẹbí ní pálọ̀ Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa. Ẹ̀gbọ́n wá láti ọsibítù, wọ́n ti di ọwọ́ rẹ̀ le gbagidi. Olóòǹtẹ̀ náà di báńdéèjì mọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé mọ́tò kan náà ló gbá àwọn méjèèjì.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni, iṣẹ́ èṣù ni, àmọ́ kí wọ́n bi mí pé ta ló fi irin gún òun. Bàbá Àgbà ní àwọn kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dájọ́. Wọ́n yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ń wo ọwọ́ tí wọ́n dì.

Mo tẹ́ bébà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo dojú wọn dé kí ẹ̀yìn wà lókè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka déètì. N kò tíì ka èkejì tán tí Ẹ̀gbọ́n fi dìde. Ó ń fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí wọn. “Èyí, ẹ̀yìn mi. Bẹ́líìtì ni. Èyí, eyín. Èyí, ìka — ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó ń ka ení, èjì. Èyí, irun. Èyí, ojú.” Ó dé orí ẹ̀kẹfà, ó kàn gbé apá rẹ̀ sókè. Ìyàwó Bàbá Àgbà bú sẹ́kún. Bàbá Àgbà bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọn kò rí ibi gbé e sí.

Mo rò pé ó ti parí. Olóòǹtẹ̀ kò tilẹ̀ làágùn. Ó ní, “Ẹ bi í pé ta ló ń gba òróòro yẹn.” Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú Bàbá Àgbà. Wọ́n kà á sókè: Bùrọ̀dá, òróòro ti tán o. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún. Olóòǹtẹ̀ ní, “Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ déètì. Ó ti mọ̀. Ó mọ̀, ó ní kí n tún mú un wá.”

Nínú gbogbo irọ́ tí ọkùnrin yẹn pa lónìí, èyí nìkan ni kì í ṣe irọ́.

Ẹ̀gbọ́n wò mí. Ojú rẹ̀ kò le. Ì bá tiẹ̀ le. Ó ń wá nǹkan kan lójú mi, kò rí i. Ó ní, “Ṣé lóòótọ́ ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá Àgbà ní ọmọ àwọn kò padà sílé yẹn mọ́, àwọn fúnra wọn máa mú un lọ fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárọ̀ ọ̀la. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa tèmi. N kò mọ ìgbà tí mo kó bébà mi nílẹ̀.

Ọjọ́rú, 26 oṣù kẹta

Ọ̀dọ̀ mi ni Ẹ̀gbọ́n yàn láti máa gbé. Ó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo ń sùn láàárín ìwé. Kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù kẹta

Ọlọ́pàá lọ mú Olóòǹtẹ̀ ní odò ẹran, lójú àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wọ kóòtù. Kóòtù rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ń nu ilẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 oṣù kẹta

Mo kó bébà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ sẹ́yìnkùlé, mo ṣáná sí wọn. Ẹ̀gbọ́n yọ. Ó fi ọwọ́ òsì fọ́ mi létí, ó dún dé ilé kejì. Ó tẹ iná náà pa. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí: “Ta ló ni ín?”

Mo ń wo èéfín.

“Mo ní ta ló ni ín?”

Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ ni ín.”

Ó kó wọn mọ́ àyà. Etí kan péré ló jó lára ẹ̀kẹta. Ó ní Ìyá Férémù á gbé wọn kọ́, àmọ́ orúkọ òun ló máa wà lábẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èkeje ni kí n fi tèmi sí, tí mo bá lè ya á láìsí òróòro. Mo ní mo gbọ́. Etí mi ṣì ń hó. Ó ṣe mí láàánú pé ẹ̀ẹ̀kan ló gbá mi.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù kẹrin

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wá èkeje. Mo dán ẹyin wò, ó ṣù. Mo dán ọtí wò, ó rì. Mo tún ka ìwé Bàbá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí ohun mìíràn.

Lọ́sàn-án yìí Ẹ̀gbọ́n ń fi ọwọ́ kan fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé. Síbí kan kù lórí tábìlì páànù. Ó wọlé wá mú un, ìfófòó ọṣẹ dé ìgbúnwọ́ rẹ̀. Mo figbe ta: “Ọṣẹ! Ẹ jáde!” Ó ti pẹ́. Ọṣẹ kán sínú ife búlúù. Orí mi gbóná. Búlúù tí mo lọ̀ fún odindi àárọ̀! Mo ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ife náà, mo fi ìbínú wọ́n ọn sórí omi kí n lè rí i bó ṣe bàjẹ́ tó.

Kò rì. Ó tẹ́. Ó tẹ́ rẹrẹ, ó fẹ̀ ju ti òróòro lọ, etí rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ẹ̀gbọ́n fa ife pupa sọ́dọ̀. Ó na ìka lé e lórí, ó jẹ́ kí ọṣẹ kán sí i. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì. Mo mọ ibi tó ń kà á lọ. Nígbà tó pé mẹ́fà, ó dúró. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ òsì wọ́n ọn. Pupa gba páànù.

Ó ní, “Ọṣẹ abọ́.”

Mo ní, “Bàbá ló kọ ọ́ pé —”

Ó ní Bàbá ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó bi mí bóyá mo tiẹ̀ dán ọṣẹ wò rí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láti oṣù kẹwàá.

Mo ní rárá.

Ó mú síbí rẹ̀, ó padà lọ fọ abọ́ tó kù.